Àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí èèrà kúrò nílé yín

Ó máa ń dùn mí tí mo bá wọ ilé ìdáná ní Ìjẹ̀bú Òde tàbí Ṣàgámù, tí mo bá agolo oògùn kòkòrò tó ti tán lójú fèrèsé, tí èèrà ṣì ń tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó ọbẹ̀ lẹ fín sára ògiri yẹn. Iṣẹ́ oògùn kòkòrò ni mò ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi.

1. Ẹ̀ ń pa èyí tẹ́ ẹ rí. Ìyá wọn kì í jáde. Inú ihò ló ti ń yé ẹyin, àwọn yòókù ní ń gbé oúnjẹ lọ bá a. Iye tó wù kẹ́ ẹ pa lójú ọ̀nà, àwọn mìíràn á rọ́pò wọn. Ti èèrà pupa wínníwínní tún burú jù: ìyá pọ̀ nínú ihò wọn. Tí oògùn olóòórùn bá kàn wọ́n, wọ́n á pín ara wọn, ìyá kan àtàwọn tirẹ̀, wọ́n á lọ tẹ̀dó síbòmíì nínú ilé kan náà. Bí wọ́n ṣe ń ti ilé ìdáná dé orí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn.

2. Ẹ kì í fún májèlé láyè kó délé wọn. Ẹ po ìdajì ife ṣúgà mọ́ ìdajì lítà omi, kẹ́ ẹ fi síbí tíì kan pẹrẹsẹ boric acid sí i, ìyẹ̀fun funfun tó jẹ́ májèlé náà. Ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀, ẹ gbé e sórí ìdérí ìgò lẹ́bàá ọ̀nà wọn, níbi tọ́wọ́ ọmọdé àtẹnu ewúrẹ́ kò tó. Ẹ má fi boric acid kún un pé kó lè tètè ṣiṣẹ́. Ojú ọ̀nà ni wọ́n á kú sí.

Ibi tó ń bí mi nínú gan-an rèé. Mo gbé òwú yìí kalẹ̀ fún màmá kan láàárọ̀, a jọ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Èèrà kan fẹnu kan òwú, kò mira, ikùn rẹ̀ wú títí ó fi mọ́ gaara bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó yíjú padà, ó pàdé èkejì, wọ́n fẹnu kanra, ó pọ oúnjẹ fún un. Bí májèlé ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ìyá nìyẹn. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, màmá pè mí: “Bọ̀dá, ẹ tún lọ ránṣẹ́ pè wọ́n ni?” Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti fín agolo lé òwú lórí. Iṣẹ́ bàjẹ́! Èèrà gbọ́dọ̀ pọ̀ nídìí òwú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ òwú tó bá gbẹ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ìgbà tí wọ́n bá dáwọ́ dúró lẹ ó tó fi omi ọṣẹ nu ọ̀nà wọn.

Ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ àná tẹ́ ẹ kò fọ̀: wọn ò ní wo ṣúgà yín.

Ẹ̀ka máńgòrò tó kan páànù, afárá èèrà ni, ẹ gé e.

Kẹrosíìnì tẹ́ ẹ ń dà lé èèrà nídìí sítóòfù, iná lẹ̀ ń wá.

Ọ̀tapiápiá ńkọ́? DDVP ni, oògùn oko. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà, ìgò 100 mililítà, síbẹ̀ mo ṣì ń bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ gaàrí. Ẹ má fín in sínú ilé tí èèyàn ń sùn.

Ìjàlọ kò sí nínú gbogbo èyí. Tí wọ́n bá ya wọlé, ẹ gbé ọmọ jáde, ẹ ṣí àgò adìyẹ. Wọ́n á jẹ aáyán tán, wọ́n á lọ.

Èyí tí ìbàdí rẹ̀ kò sì fún, tó ń fi amọ̀ lẹ ọ̀nà mọ́ ara ògiri, ikán ni. Òwú ṣúgà kò kàn án. Ẹ tètè pe ẹni tó mọ iṣẹ́ ikán kó tó dé igi àjà.