Bí ẹ ṣe lè ka ìròyìn Ìráàkì kó yé yín

Owó oṣù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé kéwú mi ní Ìlọrin nìyẹn, nígbà tí wọ́n bá gbé fóònù wá bá mi tí wọ́n ní, "Ààfáà, kí ló tún ń ṣẹlẹ̀ ní Baghdad?" Àwòrán èéfín àti ìbọn ló sábà máa ń wà lójú fóònù náà. Ìbọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ tó sì ti ṣàn ní ilẹ̀ yẹn ń dun ẹni gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ojú ìbọn wọ ọ̀rọ̀ Ìráàkì, òkú ni yóò kà, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń jà sí.

Ẹ wá ìwé kékeré kan àti bírò. SOMO, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bá wọn ta epo, máa ń gbé iye tí wọ́n tà lóṣù jáde. Ẹ kọ iye àgbá epo tó ń jáde lójúmọ́ àti iye dọ́là tí wọ́n ta àgbá kan. Ká ní mílíọ̀nù 3.3 àgbá ló ń jáde lójúmọ́, tí àgbá kan sì jẹ́ dọ́là 70. Ẹ sọ 3.3 di ìlọ́po 30, kí ẹ sọ èyí tó bá jáde di ìlọ́po 70: bílíọ̀nù dọ́là 6.9 lóṣù nìyẹn. Láti oṣù Kejì ọdún 2023, dínárì 1,300 ni bánkì àpapọ̀ wọn ń san fún ìjọba lórí dọ́là kan, nítorí náà owó yẹn ń lọ sí tírílíọ̀nù dínárì 9. Ẹ kọ ọ́ sápá ọ̀tún. Sápá òsì, ẹ kọ owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìrànwọ́ àwọn aláìní, tí gbogbo rẹ̀ lé ní tírílíọ̀nù 7 lóṣù. A ò tíì yọ owó àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè tó ń wa epo náà o.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi tún ọ̀nà ṣe, kí wọ́n sì fi ra iná. Tí àgbá kan bá fi dọ́là 10 wálẹ̀, bí bílíọ̀nù dọ́là kan ló bọ́ sọnù lóṣù yẹn. Nínú dínárì mẹ́wàá tó ń wọ àpò ìjọba, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ ti epo, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n ti fẹ́ dí àlàfo náà. Basra, ní ìpẹ̀kun gúúsù wọn, ni ọ̀pọ̀ jù lọ epo wọn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi, ojú omi tóóró Hormuz, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iran, ló sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ wàhálà Hormuz, owó oṣù tíṣà kan ní Mosul, ní àríwá Ìráàkì, wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ibi tí dọ́là náà ń wọ̀. Láti ọdún 2003, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti lé Saddam Hussein kúrò, bánkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní New York ni owó epo Ìráàkì ń gbà kọjá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kíní ọdún 2020, Amẹ́ríkà pa Qasem Soleimani, ọ̀gágun Iran, àti Abu Mahdi al-Muhandis, ọ̀gá àwọn ológun Ìráàkì tó ń bá Iran ṣe, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Baghdad. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà, ilé aṣòfin Ìráàkì dìbò pé kí ọmọ ogun òkèèrè kó ẹrù wọn. Kíá ni Washington rán ọ̀rọ̀ sí wọn pé ilẹ̀kùn owó New York lè tì. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá gbọ́ olóṣèlú ibẹ̀ tó ń búra pé òun yóò lé Amẹ́ríkà lọ, mo máa ń wò ó bóyá ó sọ bí owó yóò ṣe máa wọlé.

Ọjà dọ́là náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní Baghdad, dọ́là 100 ni wọ́n fi ń na ọjà, ìròyìn Lárúbáwá sì máa ń dárúkọ ọjà al-Kifah àti al-Harithiya. Iye tí ìjọba ní kí ará ìlú ra á ni dínárì 132,000. Ẹ yọ èyí kúrò nínú iye tọjà kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín. Bí àlàfo bá ń fẹ̀, àwọn oníṣòwò ń wá dọ́là tí bánkì kò fún wọn, ọ̀pọ̀ irú dọ́là bẹ́ẹ̀ ló sì ń lọ sí Iran. Ẹni tó ń fi dínárì gba owó oṣù ni ìyà rẹ̀ ń jẹ lọ́jà.

Ti ìṣèlú wàyí. Ẹ má ṣe kéde ẹni tó borí lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò. Láàárín àwọn ará ibẹ̀, ó ti di àṣà pé Mùsùlùmí Ṣíà ni yóò jẹ mínísítà àgbà, Kurd, ìyẹn ẹ̀yà tó wà ní àríwá, ni yóò jẹ ààrẹ, Mùsùlùmí Súnì ni yóò sì jẹ olórí ilé aṣòfin. Kò sí èyí nínú ìwé òfin ọdún 2005, síbẹ̀ wọ́n dì í mú ju òfin lọ. Ní ọdún 2010, ẹgbẹ́ Ayad Allawi gba ìjókòó 91, ti Nouri al-Maliki, mínísítà àgbà ìgbà náà, gba 89, Maliki ló sì padà sípò, nítorí ilé ẹjọ́ ní àwọn ẹgbẹ́ tó bá para pọ̀ lẹ́yìn ìdìbò náà lè dá ìjọba sílẹ̀. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ Muqtada al-Sadr, ààfáà Ṣíà kan, ló ṣíwájú pẹ̀lú ìjókòó 73. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò nílé aṣòfin ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìbọn dún ní agbègbè ìjọba ní oṣù Kẹjọ, ó sì di oṣù Kẹwàá kí Mohammed Shia al-Sudani tó jókòó sórí àga mínísítà àgbà.

Nítorí náà, nọ́ńbà 220 ni kí ẹ máa wá. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin 329 nìyẹn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lè yan ààrẹ. Bí ìjókòó bá fọ́ nítorí pé wọn ò pé, ẹnì kan ló ń dí ọ̀nà. Ẹ wá a. Bí ààrẹ bá ti wà, ọjọ́ 15 ló ní láti pe ẹni tí yóò jẹ mínísítà àgbà, ẹni náà ní ọjọ́ 30 láti kó mínísítà jọ. Ẹ wo ẹni tó gba ipò mínísítà epo àti ẹni tó gba ti ìṣúná.

Kí ẹ tó wá kan ìbọn, ẹ béèrè ẹni tó ń san owó rẹ̀. Nígbà tí ISIS gba Mosul ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, Ayatollah Ali al-Sistani, àgbà ààfáà Ṣíà ibẹ̀, pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n dìde dáàbò bo ilẹ̀ wọn. Àwọn tó dìde ni wọ́n kó sábẹ́ àpapọ̀ ẹgbẹ́ ológun tí wọ́n ń pè ní Hashd al-Shaabi. Òfin sọ wọ́n di ara ọmọ ogun ìjọba ní ọdún 2016, orúkọ tó lé ní 200,000 ló sì wà lórí ìwé owó oṣù wọn. Àwọn kan lára wọn ń gba àṣẹ láti Tehran, olú ìlú Iran, owó Baghdad ni wọ́n sì ń gbà. Ìyẹn ni mínísítà àgbà kan kò fi lè jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kó tú wọn ká.

Ti àwọn Kurd, tí wọ́n ní ìjọba àgbègbè tiwọn ní Erbil, kò yàtọ̀. Páìpù tó ń gbé epo wọn lọ sí Ceyhan ní Tọ́kì wà ní títì láti oṣù Kẹta ọdún 2023 di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Láàárín àkókò yẹn, àwọn tíṣà Sulaymaniyah, ìlú Kurd kan, ń ṣe ìwọ́de nítorí owó oṣù tí Erbil àti Baghdad ń tì síra wọn lọ́rùn. Bí ẹ bá ń ka ìjà Erbil àti Baghdad, ẹ béèrè bóyá owó oṣù ti wọlé.

Iná ló kù, òun ló sì ń ká mi lára jù. Ìráàkì ń sun gáàsì dànù lójú kànga epo Basra, ó sì ń ra gáàsì lọ́wọ́ Iran fún ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná. Àwa tí a mọ iná gáàsì Niger Delta mọ irú ìbànújẹ́ yẹn. Ní ìgbà ooru, tí ooru Basra bá kọjá ìwọ̀n 50, ẹ̀rọ amúlétutù kò ní iná. Ní ọdún 2018, omi ẹ̀rọ Basra sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn di aláìsàn, ìwọ́de sì gbaná nílùú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, àwọn ọ̀dọ́ tó jáde yunifásítì tí kò rí iṣẹ́ kún gbàgede Tahrir ní Baghdad àti òpópónà Nasiriyah ní gúúsù. Bí 400 èèyàn ló ti kú kí Adel Abdul-Mahdi, mínísítà àgbà ìgbà náà, tó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Lápá ìsàlẹ̀ ìwé yín, ẹ kọ wákàtí tí iná ń wà lójúmọ́ ní Basra láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí Iran bá dín gáàsì kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.