Bí a ṣe ń kọ àròkọ tó fi Sípéènì wé Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìbéèrè yìí kì í tán nínú ìdánwò ìtàn: báwo ni àwọn ará Sípéènì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe bá àwọn onílẹ̀ lò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, kí ló sì fa ìyàtọ̀? Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ni pé Sípéènì wá pànìyàn, Gẹ̀ẹ́sì wá ṣòwò. Ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1637, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn onílẹ̀ Mohegan àti Narragansett tó tẹ̀lé wọn yí ìlú olódi àwọn Pequot, onílẹ̀ mìíràn, ká ní Mystic ní New England, wọ́n tiná bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń pa ẹni tó bá sá jáde, tọmọdé tàgbà. Ibòmíràn ni kí o ti wá ìyàtọ̀ náà, má wá a sínú ta ni ìkà rẹ̀ pọ̀ jù.

Kọ́kọ́ pààlà. Columbus gúnlẹ̀ ní 1492, Jamestown, ibùdó Gẹ̀ẹ́sì ní Virginia, kò sì bẹ̀rẹ̀ títí di 1607. Nítorí náà, má mú ọdún kan náà fún àwọn méjèèjì. Mú 1492 sí 1550 fún Sípéènì, 1607 sí 1676 fún Gẹ̀ẹ́sì, kí o sì yan ibi méjì péré fún ìhà kọ̀ọ̀kan: erékùṣù Hispaniola àti Mẹ́síkò, Virginia àti New England. Ẹni tó bá kó gbogbo Amẹ́ríkà mọ́ ọn, àròkọ rẹ̀ á di orúkọ lásán.

Lẹ́yìn náà, fa ìlà sí àárín ojú ìwé kan, kí o sì bi ìhà méjèèjì ní ìbéèrè kan náà. Mẹ́rin tó: kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ onílẹ̀? Òfin ta ni wọ́n ń tẹ̀lé? Kí ni ẹ̀sìn wọn béèrè? Kí ni onílẹ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́ rí gbà lára wọn?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹ̀mí àròkọ náà. Ọ̀rọ̀ méjì ló gbé e ró: ọwọ́ àti ilẹ̀. Ọwọ́ onílẹ̀ ni Sípéènì fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún òun. Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fẹ́. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú ni encomienda. Wọ́n á kọ pé ilẹ̀ ni. Kì í ṣe ilẹ̀. Iṣẹ́ àti ìṣákọ́lẹ̀ àwọn ará abúlé kan ni ọba fi jíǹkí ọmọ Sípéènì kan, tí òun náà sì ṣèlérí láti dáàbò bò wọ́n àti láti mú wọn wọ ẹ̀sìn Kristi. Ní Mẹ́síkò, ọ̀pọ̀ ìlú ló ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Tenochtitlan, olú ìlú àwọn Mexica, tẹ́lẹ̀; nígbà tí olú ìlú náà ṣubú ní 1521, orí àga yẹn gan-an ni Cortés, ọ̀gágun Sípéènì, jókòó sí.

Virginia kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbàdo àwọn Powhatan, onílẹ̀ Virginia, ni Jamestown kọ́kọ́ gbára lé kí ebi má baà pa wọ́n run. Nígbà tí tábà bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wọlé, ọ̀ràn yí padà. Tábà máa ń gba agbára ilẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan, àgbẹ̀ á sì tún wá igbó mìíràn ṣán. Láti 1618, ẹni tó bá san owó ọkọ̀ láti gbé ènìyàn kan wá sí Virginia ń gba éékà ilẹ̀ 50. Ní March 22, 1622, Opechancanough, olórí àwọn Powhatan, gbógun dìde, wọ́n sì pa Gẹ̀ẹ́sì 347. Láti ìgbà náà ni lílé onílẹ̀ kúrò ti di ètò. Àdéhùn 1646 fi odò York pààlà, ó sì ní kí àwọn Powhatan máa san awọ ẹranko beaver 20 lọ́dọọdún. Má fo èyí: Gẹ̀ẹ́sì náà gba ìṣákọ́lẹ̀. Àmọ́ awọ 20 kọ́ ló ń bọ́ Virginia, bí iṣẹ́ onílẹ̀ ṣe ń bọ́ Mẹ́síkò.

Lórí òfin, ìhà Sípéènì máa ń kún. Àlùfáà Antonio de Montesinos bá àwọn amúnisìn wí láti orí àga ìwàásù ní Santo Domingo, ní Hispaniola, ní December 1511. Òfin Burgos jáde ní 1512 láti fi ààlà sí bí wọ́n ṣe ń lo onílẹ̀, Òfin Tuntun ní 1542 láti pa encomienda rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àṣìṣe ibí ni kíkọ òfin bí ẹni pé òun ló ṣẹlẹ̀. Ní Pẹrú, àwọn tí òfin 1542 fẹ́ gba encomienda lọ́wọ́ wọn ṣọ̀tẹ̀, wọ́n sì pa aṣojú ọba, Blasco Núñez Vela, ní 1546. Kọ òfin, kí o sì kọ ohun tó dé bá a. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ tàbí ìgbìmọ̀ ibùdó kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀. (Bartolomé de las Casas, tó jà fún àwọn onílẹ̀ gan-an, dábàá nígbà kan pé kí wọ́n kó aláwọ̀ dúdú wá rọ́pò wọn. Ó kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwa tí a ní ìbátan ní Cuba títí dòní kò lè sáré ka gbólóhùn yẹn kọjá.)

Ẹ̀sìn kò gbà ju ìpínrọ̀ kékeré lọ: àwọn àlùfáà Àgùdà ń ṣe ìrìbọmi fún ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀, ní New England, ìwé kíkà ló ṣáájú, Bíbélì tí John Eliot túmọ̀ sí èdè Massachusett sì jáde ní 1663.

Má fi àrùn sí ara ìyàtọ̀. Ṣọ̀pọ̀ná wọ Tenochtitlan ní 1520. Àjàkálẹ̀ àrùn ti gbá etíkun New England láàárín 1616 sí 1619. Patuxet, abúlé Tisquantum, ọmọ Wampanoag tó wá ṣe ògbufọ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ará Plymouth tẹ̀dó sí ní 1620: oko tí a ti ṣán sílẹ̀, tí àwọn tó ni ín ti kú.

Ní ti ìbéèrè kẹrin, Tlaxcala, ìlú onílẹ̀ tó jẹ́ ọ̀tá Tenochtitlan, lo Cortés láti bá Tenochtitlan jà, Massasoit, olórí Wampanoag, sì bá Plymouth dá májẹ̀mú ní 1621 nítorí àwọn Narragansett tó ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ní ète tirẹ̀ ni wọ́n, má kọ wọ́n bí ẹni tí wọ́n kàn fìyà jẹ.

Kí o tó kọ, dán èrò rẹ wò níbi tí àwọn méjèèjì ti tẹ ilẹ̀ kan náà. Chesapeake ni, ní etíkun Virginia. Paquiquineo, ọmọ ibẹ̀ tí Sípéènì ti mú lọ ní 1561, bá àwọn àlùfáà Jesuit ti Àgùdà padà wá ní 1570 láti dá ibùdó Ajacán sílẹ̀, láìsí ọmọ ogun. Ó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní February 1571 wọ́n pa àwọn àlùfáà náà. Ọmọdékùnrin kan, Alonso, ni wọ́n dá sí. Sípéènì wá gbẹ̀san ní 1572, wọn ò sì tẹ̀dó síbẹ̀ mọ́. Kò sí ìlú ńlá tó ti ń kó ìṣákọ́lẹ̀ jọ níbẹ̀, kò sí fàdákà. Ilẹ̀ wà, ilẹ̀ yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì sì dúró fún.

Fún àròkọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀, pín in báyìí: ìfáàrà 100, ọwọ́ àti ilẹ̀ 400, òfin 200, ẹ̀sìn 100, ète onílẹ̀ 120, ìkádìí 80. Kí ìfáàrà ní gbólóhùn kan bí èyí: “Sípéènì fi onílẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wá; Gẹ̀ẹ́sì tì í sẹ́yìn ààlà nítorí ilẹ̀ rẹ̀ ló ń wá.” Nígbà tí o bá ń tún un kà, ìpínrọ̀ tó bá sọ̀rọ̀ Sípéènì nìkan tàbí Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tún un kọ. Ibi tí o bá ti kọ “àwọn Índíà” lásán, pa á rẹ́, kí o fi orúkọ wọn gan-an sí i: Taíno, Mexica, Powhatan, Wampanoag.