Aago ọwọ́ tó dúró: ohun tí ẹ lè fọwọ́ ara yín tún ṣe nílé

Bí aago bá dúró, ẹ má tíì sọ pé ó ti kú. Ẹ kọ́kọ́ wo orí kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a fi ń yí àkókò. Bó bá yọ síta, aago kò ní rìn. Ẹ tì í wọlé. Mo mọ ẹnì kan tó ra bátìrì tuntun nítorí èyí. Èmi ni.

Bí ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá bá wá ń fo mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, bátìrì ló fẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ aago oníbátìrì ló máa ń fi bẹ́ẹ̀ kìlọ̀.

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí ohun tó bá já bọ́ lè hàn, kí ẹ dojú aago délẹ̀. Bí ẹ bá rí àyè tín-ín-rín kan létí ìdérí ẹ̀yìn, ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ kò mú ni kí ẹ kì bọ̀ ọ́, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Yóò dún "kẹ́" kó tó ṣí. Èyí tó ní àwọn kòtò kéékèèké yí etí rẹ̀ ká ń yí bí ọmọrí ìgò: ẹ tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré mọ́ ọn, kí ẹ yí i sọ́wọ́ òsì. Bó bá kọ̀, ẹ má bá a jà.

Ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀ kí ẹ tó kan ohunkóhun. Nọ́ńbà wà lára bátìrì, bíi SR626SW, tí wọ́n tún ń pè ní 377. Irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ rà. LR626 bá a dọ́gba ní ìwọ̀n, òun ló sì sábà máa ń dínwó, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí SR626SW ń dúró sí nǹkan bíi fóltì (ìwọ̀n agbára iná) 1.55 títí tó fi kù díẹ̀ kó tán. Igi ìtayín ni kí ẹ fi yọ ti àtijọ́. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun: bí ẹ bá já a, iṣẹ́ ti di ti oníṣẹ́ aago nìyẹn. Ojú tó ní àmì + ló sábà máa ń kọjú sókè. Ẹ fi aṣọ mú bátìrì tuntun, kí òógùn ọwọ́ má bà á lára.

Kí bátìrì àtijọ́ má ṣe wà níbi tọ́mọdé lè dé o. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti okùn aago, inú ọ̀rá tó mọ́ gaara ni mo ti ń yọ ọ́. Irin kékeré tó dì í mú ní síprín-ìn nínú. Tèmi ti fò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rí, n kò rí i mọ́ dòní. Bó bá jẹ́ ṣéènì lẹ fẹ́ gé kúrú, ẹ wo ọfà inú rẹ̀: ibi tó kọjú sí lẹ ó ti pín-ìnnì, irin tó so ẹyọ ṣéènì pọ̀, sí.

Díńgí oníke tó ha nìkan ni ọṣẹ ìfọyín àti aṣọ múlọ́múlọ́ lè ràn lọ́wọ́.

Kí ẹ tó dé ẹ̀yìn aago padà, ẹ wo òrùka rọ́bà dúdú abẹ́ ìdérí, kó jókòó sínú kòtò rẹ̀. Ẹ má wọ aago náà wẹ̀. Bí ìrì bá hàn nínú díńgí lọ́jọ́ kejì, ẹ tún un ṣí: rọ́bà yẹn ló yẹ̀.