Bí oko ṣe padà di ọkọ̀ lọ́wọ́ mi

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìpàdé mọ̀lẹ́bí wa ní Òṣogbo níbí, nóòtù ńlá kan ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, ojú ewé 61, ọwọ́ akọ̀wé àtijọ́ tó ti sùn ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kí ikán má baà jẹ ẹ́. Mo ní kò burú. Mi ò sọ fún wọn pé ìka méjì péré ni mo fi ń tẹ̀wé.

Àǹtí mi kan tó ṣiṣẹ́ táípíìsì fẹ̀yìntì ló gbà mí. Ó wò mí díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé òkúta lò ń ṣà nínú ẹ̀wà ni?" Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo ọwọ́ mi méjèèjì àti kíbọ́ọ̀dù pọ̀. Ó ní kí n fi ìka ìlábẹ̀ wá ibi tó yọ díẹ̀ lára F àti J, pé ibẹ̀ ni ibùdó wọn. Ibi yòówù kí ìka lọ, ibẹ̀ ni kó padà sí. Ọmọńdinrín òsì ló ni A, àtàǹpàkò ló ni àlàfo. "Ìwé ni kí o máa wò, ìwọ ọmọ yìí, má wo ọwọ́!" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é, lálaalẹ́, tí iná bá wà.

Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi, láti ìlú ọba. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ @ sí, àmì àyọlò ló ń gbé jáde, torí ètò kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ni ẹni tó tà á fún mi fi sínú rẹ̀. Mi ò tún un ṣe. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí, kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ló ń dà mí láàmú.

Gẹ̀ẹ́sì yá. Yorùbá ni ìjà wà. Ọ̀dọ̀ Sholes, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ni ètò lẹ́tà yìí ti wá, ilé-iṣẹ́ Remington sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ náà lọ́dún 1874. Kò sẹ́ni tó ro tiwa mọ́ ọn. C, Q, V, X àti Z jókòó gẹlẹtẹ, a ò fi wọ́n ṣe nǹkan kan. Ẹ, ọ àti ṣ ò ríbi jókòó.

Mo wá ní n ó kọ́kọ́ tẹ gbogbo rẹ̀ láìfàmì sí i, tó bá yá n ó padà wá fi sí i. Ọgbọ́n òmùgọ̀ gbáà. Mo fi ojú ewé àkọ́kọ́ sórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí, kí wọ́n lè rí i pé iṣẹ́ ń lọ. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún, bọ̀ọ̀dá mi tó wà ní Ìlá ni: "Akọ̀wé, ta ló ta oko Bàbá?" Ohun tí mo tẹ̀ ni "Won ta oko Baba". Mo sáré ṣí nóòtù. Akọ̀wé àtijọ́ ti fàmì sábẹ́ o méjèèjì, ó sì fi àmì ìsàlẹ̀ lé èkejì lórí: ọkọ̀ Bàbá ni, lọ́rì tí wọ́n fi ń kó kòkó. Kí n tó ṣàlàyé tán, àwọn kan ti ń béèrè ìwé ilẹ̀.

Mo pa á rẹ́, mo tún un bẹ̀rẹ̀ tàmì-tàmì. Nínú Word tí mo fi ń tẹ̀wé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀: tí èèyàn bá tẹ 1EB9, tó wá tẹ Alt àti X pọ̀, ẹ ló máa dà. 1ECD ni ọ, 1E63 ni ṣ, 0301 ni àmì òkè, 0300 ni ti ìsàlẹ̀. Àmọ́ tí mo bá fẹ́ kọ "dọ", Word á ka d yẹn mọ́ nọ́ńbà, torí A dé F wà lára nọ́ńbà tirẹ̀, nǹkan tí mi ò rí rí ló ń gbé jáde. Odidi alẹ́ kan ni mo fi bá a fà á. Nígbà tó sú mi, mo lọ sí Insert, Symbol, Shortcut Key: mo fún ẹ ní Alt+E, ọ ní Alt+O, ṣ ní Alt+S, àmì òkè ní Alt+1, ti ìsàlẹ̀ ní Alt+2. Inú Word nìkan ló ti ń jẹ́, ibẹ̀ náà sì niṣẹ́ mi wà. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rẹ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mò ń tẹ̀ ẹ́, ìka mi ti mọ̀ ọ́n bí ìlù.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní Òkè-Fìà, fọ́ńtì wọn ò mọ àmì wa. Àpótí kéékèèké ló kún bébà, wọ́n sì gba owó wọn pé. Mo sọ ọ́ di PDF, mo gbé e lọ síbòmíì, ó jáde bó ṣe wà.

Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ìlá. Bọ̀ọ̀dá ka gbólóhùn yẹn sí mi létí lórí fóònù, wọ́n fa "ọkọ̀" gùn, wọ́n wá ní: "Ó dáa. Èló wá ni wọ́n tà á?"

Nóòtù náà ò sọ.