Ẹ Má Fi Ẹnu Pààrọ̀ Idà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn DM

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe DM, ìyẹn adarí eré, fún D&D (Dungeons and Dragons, géèmù orí tábìlì tí kálukú ń ṣe ẹnì kan nínú ìtàn), tàbí tẹ́ ẹ ń gbìyànjú láti kọ class tiyín, ìyẹn irú iṣẹ́ tí ẹni inú ìtàn ń ṣe, bíi Fighter tó jẹ́ jagunjagun, gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ tó ń ká mi lára: "Fighter ti lágbára lójú ìjà, kó lọ jókòó tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀." Wọ́n ní bó ṣe máa dọ́gba nìyẹn. Dọ́gba bíi ti báwo? Ẹni tó fi wákàtí méjì wòran láàfin ọba, wákàtí méjì ẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sí idà tó máa dá a padà fún un. Tí ìjà bá wá dé tán, Wizard, oṣó ẹgbẹ́, tó ti ń fi ọfọ̀ ṣe bó ṣe wù ú látàárọ̀ náà á tún ju Fireball, ọfọ̀ iná, dáìsì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, sórí gbogbo ọ̀tá tó kóra jọ síbẹ̀. Kí wá ni Fighter rí gbà nínú pààrọ̀ yẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ o. Géèmù ogun ni Gary Gygax àti Dave Arneson ti fa D&D yọ lọ́dún 1974, Thief, class olè, ò sì tíì sí nínú ẹ̀, ọdún 1975 ló wọlé, òun ló ń ṣí àgádágodo, òun ló ń yọ́ rìn, látìgbà yẹn ló ti ń dà bíi pé ẹnì kan ló ni ìjà, ẹlòmíì ló ni ìyókù. Edition kẹta, ìyẹn àtẹ̀jáde òfin géèmù náà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tó jáde lọ́dún 2000 ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Skill point, pọ́ìntì tí wọ́n fi ń ra ìmọ̀ọ́ṣe, 2 péré ni Fighter ń gbà ní level (ìpele) kan, Rogue, orúkọ tuntun Thief, ń gba 8, ká tó ka ti Intelligence, ìyẹn làákàyè, mọ́ ọn. Spot (kéèyàn tètè rí nǹkan) àti Listen (kó gbọ́ ọ) ò sì sí lára skill tí wọ́n kà sí ti Fighter, pọ́ìntì méjì ló máa san fún rank kan, ìyẹn ìgbésókè kan nínú wọn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè tí ò ríran, tí ò gbọ́ ẹsẹ̀ olè, iṣẹ́ kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ má sì kó ìjà àti ìyókù sínú àpò kan náà. Nínú GURPS àti Champions, géèmù míì irú èyí, pọ́ìntì tẹ́ ẹ fi ń ra idà náà lẹ fi ń ra ìmọ̀ òwò. Tí ìjà bá pọ̀ ní ìdí tábìlì yín, ẹni tó ra ìmọ̀ òwò ló máa kọ́kọ́ kú, tí ò bá sì sí ìjà, ẹni tó kó gbogbo ẹ̀ lé idà ló máa sùn. Ẹ pín àpò náà sí méjì. Background, ìyẹn ohun tí ẹni náà ti ń ṣe kó tó di akọni, inú edition karùn-ún ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀, skill méjì fún gbogbo èèyàn láìka class sí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Ranger, class ọdẹ inú igbó, inú ìwé edition karùn-ún ọdún 2014. Ẹni tó bá mú Ranger, igbó ló fẹ́ràn, ó fẹ́ tọ ipasẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n ṣìnà kóun wá mú wọn jáde. Kí ni wọ́n fún un? Tó bá ti wà ní irú ilẹ̀ tó yàn, ẹgbẹ́ ẹ̀ ò lè ṣìnà àfi tó bá jẹ́ idán ló ṣì wọ́n lọ́nà, ilẹ̀ gbágungbàgun ò dá wọn dúró, tó bá wá oúnjẹ ìlọ́po méjì ló máa rí. Tó bá tún ní ọfọ̀ Goodberry, èso mẹ́wàá, ọ̀kan ti tó èèyàn jẹ fún ọjọ́ kan. Igbó parí nìyẹn, DM á kàn ní "ẹ ti dé." Ṣé ẹnikẹ́ni jẹ́ kọ ọ́ sínú class pé tẹ́ ẹ bá pàdé orc, ẹ̀dá oníjà inú géèmù, ẹ ti ṣẹ́gun, ẹ má wulẹ̀ ju dáìsì? Wọn ò jẹ́ dán an wò! Àmọ́ tó bá ti kúrò lójú ìjà, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ fún un ní nǹkan tó máa yàn: ó rí ọ̀nà méjì tí ẹlòmíì ò rí, ó mọ ohun tó ń gbé nínú ìkíní, ó mọ̀ pé omi máa tán lójú ìkejì, kó wá sọ èyí tí wọ́n máa tọ̀.

Ẹ tún wo iye ìgbà tí wọ́n ń ju dáìsì. Ìjà kan lè gba wákàtí kan, kálukú ló máa ju tiẹ̀. Ìlàjà láàárín ìlú méjì ńkọ́? Dáìsì Persuasion, ìyẹn ti ìyíniléròpadà, ẹ̀ẹ̀kan, Bard (class akọrin) tó ní Expertise, ìmọ̀ àkànṣe, nínú ẹ̀ jù ú, ó parí, àwọn tó kù pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ní kí kálukú kúkú ní àgbègbè tiẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ti ń ṣe Shadowrun, géèmù míì, látìgbà tó ti jáde lọ́dún 1989: tí decker, ẹni tó ń já wọ kọ̀ǹpútà, bá ti wọnú Matrix, ayé inú kọ̀ǹpútà, báyìí, òun àti GM (adarí eré) nìkan ló kù, àwọn yòókù lè lọ jẹun kí wọ́n tún fọ abọ́. Mo fara mọ́ kí ìlàjà yẹn ní ibi tí kálukú ti lè fọwọ́ kàn án, Fighter mọ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n jọ jagun rí, Cleric, àlùfáà ẹgbẹ́, mọ ohun tí òrìṣà ìlú náà kórìíra, Rogue ti rí lẹ́tà lápò aṣojú wọn.

Edition 2024 gbìyànjú ṣá. Láti level 2 Fighter ní Tactical Mind, tí ohun tó ń dán wò bá kùnà ó lè ná Second Wind kan, agbára ẹ̀ tó níye ìgbà, kó ju d10 (dáìsì ojú mẹ́wàá) kún un, tó bá ṣì kùnà náà Second Wind ò lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ Second Wind yẹn náà ló fi ń wo ara ẹ̀ sàn lójú ìjà, wọ́n tún ti dá a padà sínú àpò kan náà. Ní ìdí tábìlì tèmi, màá jẹ́ kó ju d10 yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó tún ṣe short rest, ìsinmi ráńpẹ́ inú géèmù, màá sì wò ó bóyá Bard máa ráhùn.