Páànù kan, ọnà kan: bí a ṣe ń fi irin àti àdìrẹ ṣe ère

Ẹ fi aṣọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi níbí l'Abẹ́òkúta máa ń kánjú jó irin pọ̀, kí wọ́n tó wá aṣọ tó máa bá a mu. Irú ère bẹ́ẹ̀ kì í dùn mọ́ mi nínú, aṣọ á kàn rọ̀ sára irin ni.

Ẹ ra aṣọ òwú funfun, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ po láfún, ẹ fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ẹ sè é kó ki di ẹ̀kọ, kẹ́ ẹ sì sẹ́ ẹ kí kókó má bàa wà nínú rẹ̀. Ẹ lè fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà yín, àmọ́ páànù tí a gé ọnà sí lára la mọ Ẹ̀gbá mọ́ nídìí àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ọkùnrin ló sábà máa ń gé e, obìnrin á fi tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ. Ẹ gé tiyín, èmi fẹ́ràn ẹyẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ sá a kó gbẹ.

Ẹ rì í sínú aró ẹlú, ẹ rọra yọ ọ́. Àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní. Bí atẹ́gùn bá ti kàn án, á di búlúù. Ẹ tún un rì títí yóò fi dúdú bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, ẹ ha ẹ̀kọ kúrò, ẹ wá fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ojú kan ṣoṣo la tẹ ẹ̀kọ sí, ẹ̀yìn aṣọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ búlúù lásán. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀: ẹni tó bá yí ère náà ká gbọ́dọ̀ rí ojú méjèèjì.

Ó wá kan irin. Ọ̀pá tó nípọn tó mílímítà 10 fún egungun ara, 6 fún apá, ẹ jó wọn pọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà, ẹ kùn ún ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kó gbẹ dénú. Ìpẹtà tó bá ti mú aṣọ òwú kì í ṣí bọ̀rọ̀. Ẹ rán etí aṣọ bí ojú okùn ṣòkòtò, kí ọ̀pá wọ inú rẹ̀.

Páànù tẹ́ ẹ fi tẹ aṣọ náà ni kẹ́ ẹ fi ṣe àyà ère. Ẹ má jó o! Síńkì wà lára rẹ̀, èéfín rẹ̀ á mú yín gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ lu ihò sí igun rẹ̀, ẹ fi wáyà dè é, kí àlàfo ìbú ọwọ́ kan wà láàárín òun àti aṣọ. Bẹ́ ẹ bá gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé, ìmọ́lẹ̀ á gba ojú ẹyẹ tẹ́ ẹ gé kọjá, á bọ́ sórí ẹyẹ funfun lára aṣọ. Ẹ máa sún páànù díẹ̀díẹ̀ títí ẹyẹ méjèèjì á fi bá ara wọn mu, kẹ́ ẹ tó fún wáyà pinpin. Ibi yìí ni mo máa ń pẹ́ sí jù, mi ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kán mi lójú.

Oòrùn àárọ̀ ti tó o. Oòrùn ọ̀sán máa ń mú kí aró ṣá. Bí eruku bá bò ó, ẹ fi ìyẹ́ gbọ̀n ọ́n, ẹ má fi omi kàn án.