Bí Láíbìrárì Òfin Ṣe Lè Fi WhatsApp Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Lọ́yà

Lọ́yà tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ká mọ́ Mile 12 ní kùtù hàì kò ní lè yà sí láíbìrárì wa ní Ìkòròdú kí kóòtù tó jókòó. Ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí àwa tí à ń tọ́jú ìwé òfin ti bá a.

Ẹ kọ́kọ́ mú irinṣẹ́ kan ṣoṣo. Facebook, Telegram àti X lè dúró ná. WhatsApp ni mo fara mọ́, torí àwọn àgbà lọ́yà wa ti ń lò ó.

Ẹ ṣí i, ẹ tẹ Updates, ẹ tẹ àmì àròpọ̀, kí ẹ yan Create channel. Ẹ fún un ní orúkọ láíbìrárì yín. Channel ni mo wí o, níbi tí àwa nìkan ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù ń kà, kì í ṣe gúrúùpù. Nínú gúrúùpù, gbogbo èèyàn ló ń rí nọ́ńbà ara wọn, "ẹ káàárọ̀" á sì bo ohun tó ṣe pàtàkì mọ́lẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kọ síbẹ̀ gan-an niṣẹ́. Orúkọ ẹjọ́, ilé ẹjọ́, ibi tó wà nínú ìwé, àti kókó kan péré. Bí mo ṣe kọ ọ̀kan rèé (NWLR ni ìwé ìròyìn ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Nigerian Weekly Law Reports):

"Kubor v. Dickson, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. NWLR 2013, ìdìpọ̀ 4, apá 1345, ojú-ìwé 534. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde ṣe ẹ̀rí gbọ́dọ̀ mú ohun tí abala 84 Òfin Ẹ̀rí 2011 là sílẹ̀ ṣẹ."

Díẹ̀ ló kù kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá rántí pé wọ́n ti tún abala náà ṣe ní 2023, mo sì fi kún un pé: "Ẹ ka àtúnṣe 2023 mọ́ ọn." Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, ṣùgbọ́n lọ́yà tó ń lọ dúró níwájú adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ má ya fọ́tò odindi ìròyìn ẹjọ́ síbẹ̀; iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni àkópọ̀ tó ṣáájú ẹjọ́, àwọn ló sì ni ín. Ẹ má dárúkọ ọmọdé kankan tí ẹjọ́ kàn.

Ẹ tẹ líǹkì channel náà sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ wọlé.

Alẹ́ ni kí ẹ máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ní àsìkò tí wọ́n bá ń to wíìgì àti gáùnù ọjọ́ kejì sínú àpò.